Àṣírí Tí Ó Jẹ́ Tèmi

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 1837, olùkọ́ kan ní Fourah Bay, ní ilẹ̀ Sàró, kọ lẹ́tà sí Àlùfáà William Jowett, akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ní Lọ́ńdọ̀nù. Samuel Crowther ni wọ́n ń pe olùkọ́ náà. Ó ní òun rò pé ẹni tí òun ń kọ̀wé sí yóò fẹ́ mọ bí òun ṣe dé Sàró. Ló bá padà sí Ọ̀ṣogùn, ìlú rẹ̀ tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ó padà sí òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821.

Oúnjẹ òwúrọ̀ kò tíì jinná nígbà tí ariwo ta pé ogun ti dé ẹnu odi. Bàbá rẹ̀ sáré wá sọ fún wọn pé kí wọ́n sá wọgbó, òun fúnra rẹ̀ sì padà sójú ìjà. Wọn kò fojú kàn án mọ́. Okùn ni àwọn ológun jù sí ọmọ náà lọ́rùn, àti ìyá rẹ̀, àti ọmọbìnrin méjì tí ìyá rẹ̀ bí, tí ọ̀kan ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́, àti ìbátan wọn kan, wọ́n sì ń wọ́ wọn lọ.

Títí dé ibí yìí, ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn ogun ilẹ̀ Yorùbá lè fi ojú inú rí i. Ṣùgbọ́n ó kọ àwọn nǹkan mìíràn tí kò sí ẹni tí ì bá mọ̀ láyé bí kò bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó ní wọ́n fi òun pààrọ̀ ẹṣin, ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n sì tún gba òun. Ó ní ọ̀pọ̀ òru ni òun fi ọ̀já ìdí òun gbìyànjú láti fún ara òun lọ́rùn pa, tí àyà òun kò sì kì tó láti fà á le. Ó ní nígbà tí ọkọ̀ ojú omi àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn sílẹ̀ lọ́wọ́ Potogí ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, òun rí ẹran tí wọ́n gbé kọ́ àti ọta àgbá tí wọ́n tò jọ, òun sì rò pé ẹran ara èèyàn àti orí èèyàn ni. Ìgbà tó sún mọ́ ọn, tó rí i pé pátákò ẹlẹ́dẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ ẹran náà, ni ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀.

Wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ pé Àjàyí Crowther ni Bíṣọ́ọ̀bù adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà, pé ọdún 1864 ni wọ́n fi í joyè ní Canterbury, pé òun ni aṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Mo há gbogbo rẹ̀ sórí, mo sì gba máàkì lórí rẹ̀. N kò mọ ọkùnrin náà. Ọjọ́ tí mo ka ọ̀rọ̀ ọ̀já yẹn ni mo tó mọ̀ ọ́n. Ọmọdékùnrin ni, ó dá wà nínú òkùnkùn, ó ń wá ọ̀nà láti kú, ẹ̀rù ikú sì ń bà á. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ṣí Bíbélì Yorùbá, mo máa ń rántí pé ọwọ́ tó kọ èyí ni ọwọ́ tí kò lè fa ọ̀já yẹn le.

Ohun kan tún wà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25, ìyá rẹ̀ rí i ní Abẹ́òkúta. Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ó ní àwọn kàn ń wo ara àwọn, pé ara ìyá òun ń gbọ̀n, pé ó di òun lọ́wọ́ mú, ó sì ń pe òun ní àwọn orúkọ ìkẹ́ tí ìyá àgbà fi máa ń pe òun nígbà èwe. Mo wá àwọn orúkọ náà nínú ìtàn ìpàdé wọn. Kò kọ wọ́n. Ọkùnrin tó fi ọ̀já han àwọn àjèjì ní Lọ́ńdọ̀nù kò fún wọn ní orúkọ tí ìyá àgbà fi kẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ibi tí yóò dé àti ibi tí yóò dúró sí, òun ló mọ ààlà náà fúnra rẹ̀. Ààlà yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé olóòtú wa ti ń bẹ̀ mí tipẹ́ pé kí n kọ ohun tí ẹ̀yin òǹkàwé kò mọ̀ nípa mi, mo sì ti ń yẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún sósì.

Kì í ṣe ìbẹ̀rù lásán ló ń mú mi yẹ̀ ẹ́. Inú ilé tí wọn kì í ti í sọ gbogbo nǹkan ni mo ti dàgbà, ọ̀pọ̀ nínú yín náà sì mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Obìnrin kì í sọ pé òun lóyún, ikùn ni yóò sọ ọ́ nígbà tó bá yọ. Ẹni tó ń rìnrìn àjò kì í kéde rẹ̀ kí ó tó wọkọ̀. Bí ara àgbàlagbà kan kò bá dá, wọn á ní ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwòsàn ló wà. Kò sí ìsìn tàbí ìkómọ tí a lọ tí a kò ti í gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àṣírí wa tú, gbogbo ilé á sì ṣe àmín kíkankíkan.

Síbẹ̀ àwa kan náà la ń gbé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa kọ́rùn láti ọjọ́ tí wọ́n bí wa. Ẹni tó ń jẹ́ Ìgè, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ mú wáyé. Ẹni tó ń jẹ́ Abíọ́nà, ojú ọ̀nà ni ìyá rẹ̀ bí i sí. Ìlọ̀rí, ìyá rẹ̀ kò rí nǹkan oṣù kí ó tó lóyún rẹ̀. Babátúndé, bàbá àgbà ti kú kí ó tó dé. Àjàyí tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ̀ yìí, ìdojúbolẹ̀ ni wọ́n bí i, gbogbo ẹni tó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Ọ̀ṣogùn ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá tí ìyá rẹ̀ ti rọbí. Ẹ tún wo oríkì orílẹ̀. Àwọn ìyá wa tó ń ki ìdílé kì í fi ìyìn nìkan kì í, wọ́n ń mẹ́nu ba ìjà, gbèsè, àti ìgbà tí ìdílé tẹ́, ọmọ onílé á sì tún wú lórí, á máa náwó fún ẹni tó ń sọ ọ́. A mọ̀ ọ́n sọ. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn gbé e kiri.

Ìgbà tí ìwé ìròyìn dé ni ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí pé ìwé ìròyìn kò mọ ẹni tó kàn yàtọ̀ sí ẹni tí kò kàn. Ní oṣù Keje ọdún 1929, Akéde Èkó, tí Isaac Babalọlá Thomas jẹ́ olóòtú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde. Obìnrin náà ní kí wọ́n máa pe òun ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, pé òun kò ní sọ orúkọ òun gan-an. Ó ní òun ti rẹwà rí, ọkùnrin Èkó sì ti pọ̀ lẹ́yìn òun rí. Ní báyìí àìsàn ti sọ òun di ẹni tí kò lè dìde, òun sì fẹ́ sọ ayé òun látòkèdélẹ̀ kí ó tó pẹ́ jù, kí àwọn ọmọbìnrin lè fi ti òun kọ́gbọ́n. Lẹ́tà yìí ń jáde títí ó fi wọ ọdún 1930. Àwọn òǹkàwé ń kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀, ọ̀pọ̀ gbà pé èèyàn gidi tó ń jẹ̀rora níbì kan nínú Èkó ni.

Thomas ló ń kọ ọ́. Ó kó àwọn lẹ́tà náà jọ, ó sọ wọ́n di ìwé ní 1930, àwọn onímọ̀ sì ń pè é ní ìwé ìtàn-àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà kọ. Ìdí tí àwọn èèyàn fi gbà á gbọ́ yé mi. Obìnrin náà ń dárúkọ àdúgbò tí wọ́n mọ̀, ó ń rántí orin tí àwọn náà kọ nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, ó ń sunkún, ó ń dákẹ́, ó ń ní kí olóòtú fara balẹ̀ fún òun nítorí ara tó ń ro òun. Ẹni tó bá ti rántí orin tí ìwọ náà rántí, ó ti di ará ilé.

Mo ka ìwé Thomas pẹ̀lú ìgbádùn, mo sì gbà pé ọ̀gá ni. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń dùn mí títí di òní. Obìnrin tó tú àṣírí ara rẹ̀ jù lọ nínú ìwé ìròyìn Èkó ìgbà náà, ọkùnrin ló ń sọ̀rọ̀ fún un. Àwọn obìnrin tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ní tòótọ́ wà lójúde ní Èkó, wọ́n ń ra ẹja lọ́jà, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn Kòfówórọlá Àìná Moore. Ní 1935 ni ó gba oyè ní Yunifásítì Oxford, òun sì ni obìnrin adúláwọ̀ láti Áfíríkà tó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún kejì, Margery Perham kó ìtàn ìgbésí ayé àwọn ọmọ Áfíríkà kan jọ sínú ìwé Ten Africans, ó sì gba tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó ṣe irú àṣeyọrí yẹn ì bá fi gbogbo ojú ìwé rẹ̀ yangàn, ẹnikẹ́ni kò sì ní bá a wí. Ó fi àyè sílẹ̀ láti sọ ohun tí kò sí lára ìwé ẹ̀rí. Ó ní ohun tó ń bí òun nínú ní Oxford ni pé wọ́n ń wo òun bí ohun àrà tí a gbé wá fún ìran wíwò, tí wọn kò kà òun sí èèyàn bíi tiwọn. Ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ọdún 23 lọ ló sọ èyí, nínú ìwé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn yóò kà, nígbà tí ilẹ̀ wa ṣì wà lábẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà ó di ìyàwó Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá tó wá di adájọ́ àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà, ó sì gba oyè púpọ̀. Ibi tí mo ti pàdé rẹ̀ gan-an ni ibi tó ti ní inú ń bí òun.

Àwọn ọkùnrin ńlá náà ti ṣe tiwọn. Ọdún 1960 tí Nàìjíríà gba òmìnira ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tẹ Awo, ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, jáde, ó sì sọ níbẹ̀ pé ìgbóná ló pa bàbá òun, pé òun ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ kí òun tó lè kàwé. Àwọn olóṣèlú tó ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lóde òní máa ń fo apá ibẹ̀.

Wọlé Ṣóyínká ni ó kọ́ mi ní ohun tí ọ̀rọ̀ kékeré lè ṣe. Aké, ìwé tó kọ nípa ìgbà èwe ara rẹ̀, jáde ní 1981, ọdún márùn-ún kí ó tó gba ẹ̀bùn Nobel, Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún wa. Nínú ìwé náà, ọmọ ọ̀gá ilé ìwé ń yọ́ wọ ibi tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí, ó ń bu mílíìkì tí wọ́n rà fún ọmọ ọwọ́, ó ń lá a. Ìyẹ̀fun mílíìkì gbígbẹ ni, irú èyí tó ń lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Kò sí ẹni tó ká ọkùnrin tó ti dàgbà yẹn mọ́ ibẹ̀ ní 1981, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ọ̀rọ̀ náà ti kọjá, bí kò bá sọ ọ́ kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ó sọ ọ́. Mo ti rí àwọn èèyàn tí wọ́n ní ìwé Ṣóyínká le jù fún àwọn, tí wọn kò sì lè gbé Aké sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rántí, mílíìkì ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ.

Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún 2014, ọkùnrin kan náà, tó ti pé ẹni 80 ọdún, sọ fún àwọn oníròyìn pé wọ́n ti rí jẹjẹrẹ próstéètì lára òun ní ìparí ọdún 2013, pé òun sì ti gba ìtọ́jú. Ẹ ro irú àìsàn tí ó jẹ́. Ibi tó wà lára ọkùnrin, tí àwọn bàbá wa kì í sọ fún ìyàwó wọn títí yóò fi bọ́ sórí, ni Ṣóyínká dárúkọ ní gbangba. Ó fẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀ pé àìsàn náà ṣeé bá jà. Mo mọ ilé tí bàbá wọn lọ ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ilé náà, nítorí pé kì í ṣe ilé mi.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó le ju gbogbo èyí lọ, ó sì pẹ́ kí n tó mọ ibi tí mo dúró sí lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1997, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú ní Èkó. Ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, dókítà tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, jókòó níwájú àwọn oníròyìn ó sì sọ pé àrùn éèdì ló fà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà, ẹ rántí bí ó ṣe rí. Àwọn tó pọ̀ láàárín wa ń sọ pé àrùn òyìnbó ni, pé wọ́n fi ń dẹ́rù ba èèyàn ni. Fẹlá fúnra rẹ̀ kò gbà á gbọ́ nígbà ayé rẹ̀. Ó wá kú, kò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò lè sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ta ló ni àṣírí òkú? Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló sọ ọ́, dókítà àjèjì tàbí oníròyìn tó fi owó ra ìwé àyẹ̀wò, èmi ì bá wà lára àwọn tí yóò bú u. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá rẹ̀ ni, tí àwọn méjèèjì jọ mu ọmú kan. Òun náà ni yóò gba èébú lọ́wọ́ ará àdúgbò, òun ni wọn yóò máa nawọ́ sí ní ìta. Ó gbé ìtìjú náà sí orí ara rẹ̀ pẹ̀lú ti àbúrò rẹ̀. Àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀ wà láàyè, wọ́n sì lè kú bí ó bá dákẹ́. Mo gbà pé ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́. N kò gbà pé ẹlòmíràn ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí ìdí rẹ̀ dára tó.

Tèmi nìyí.

Àìná ni mo mú wáyé. Ìwọ́ ló kọ́ mi lọ́rùn, wọ́n sì ní ariwo ìyá àgbà tó gbẹ̀bí mi dé ilé kẹta. Kì í ṣe orúkọ tí ẹ ń rí lókè àpilẹ̀kọ mi, kò sì sí ẹni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ní ibi iṣẹ́. Ní ilé ìyá mi nìkan ni mo ti ń jẹ́ ẹ, bí wọ́n bá sì pè é lẹ́ẹ̀kan, mo ti dìde kí n tó mọ̀.

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń ṣe nǹkan. Ní kékeré, ìyá àgbà máa ń fi gèlè ògbólógbòó kan di ọwọ́ òsì mi mọ́ ẹ̀gbẹ́ nígbà oúnjẹ, kí ọ̀tún lè kọ́ṣẹ́. Kò fi ìkà ṣe é. Ó ń bẹ̀rù pé ọmọ tó bá fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà yóò dàgbà di ẹni tí wọ́n ń pè ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀tún kọ́ṣẹ́ lóòótọ́. Òun ni mo fi ń jẹun, òun ni mo fi ń kí èèyàn, òun ni mo fi ń fọwọ́ sí ìwé ní báǹkì. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń rẹ́ ẹ̀fọ́, bí mo bá fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, òsì ni. Gbogbo ohun tí ẹ ti kà ní ọwọ́ mi nínú ìwé yìí, òsì ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sórí pépà, ní òru, nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò.

Èyí tó kàn yìí ni n kò sọ rí. Akólòlò ni mí. Nígbà èwe, bí ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró kan báyìí, ẹnu mi á tì, ọ̀fun mi á dì, ojú mi á sì máa ṣe wìrìwìrì. Bí wọ́n bá rán mi ní kẹrosíìnì, ìgò òfìfo ni mo máa ń gbé sókè níwájú ìyá tó ń tà á, kí n má baà sọ̀rọ̀. Oríṣiríṣi ni àwọn èèyàn ní kí wọ́n ṣe sí mi. Ẹnì kan ní kí wọ́n máa gbá mi lẹ́nu lójijì. Ẹnì kan ní ìgbéraga ló ń dà mí láàmú.

Ìyá àgbà ló kíyè sí nǹkan. Mo máa ń kiri ẹ̀kọ fún un ní òwúrọ̀ kí n tó lọ sílé ìwé, láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ẹ̀bá Ọjà Ọjẹ́ ní Ìbàdàn. Ó gbọ́ mi láti òkèèrè bí mo ṣe ń polówó, ohùn mi ń lọ geere, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, kò sí ibi tó ti kọ́. Nígbà tí mo gbé àwo òfìfo wọlé, tí mo fẹ́ sọ iye tí mo tà, ẹnu mi tún tì. Ó wò mí títí. Ó ní, "Àìná, ṣé ìwọ yìí náà ni mo gbọ́ níta? Polówó iye tí o tà fún mi." Mo polówó rẹ̀ fún un, gbogbo rẹ̀ jáde. Láti ọjọ́ náà, ó ní bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ há mi lọ́fun, kí n kọ́kọ́ fi orin gbé e nínú ikùn mi kí n tó là ẹnu. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni mo kà á pé ọ̀pọ̀ akólòlò ni kì í kólòlò bí wọ́n bá ń kọrin, àwọn oníṣègùn ọ̀rọ̀ sísọ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà kò ka ìwé kan láyé rẹ̀. Títí di òní, kí n tó bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè nítorí iṣẹ́ yìí, orin ni mo kọ́kọ́ ń fi ìbéèrè náà kọ nínú mi. Àwọn tí mo ti fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, tí wọ́n rò pé mo ń ronú jinlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, ìpolówó ẹ̀kọ ni mo ń ṣe.

Mo sọ èyí nítorí pé mo mọ̀ dájú pé akólòlò kékeré kan wà nínú ilé ẹnì kan nínú yín tí wọ́n ń gbá lẹ́nu. Ẹ má gbá a mọ́. Ẹ ní kó polówó nǹkan.

Mo fẹ́ fi òmíràn kún un, ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ ló ni ín, nítorí náà mo lọ bá màmá mi kí n tó kọ ọ́. Ẹ̀wà ló ń ṣà lórí ìjókòó lẹ́yìnkùlé.

"Màámi, mo fẹ́ kọ̀wé nípa aṣọ etù yẹn."

"Etù wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ tà nígbà tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá."

Kò gbójú sókè. Ó ju òkúta kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún ju òmíràn. Aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ ni etù náà, òun nìkan ni ohun olówó iyebíye tó wà nínú àpótí rẹ̀, a kò sì sọ̀rọ̀ nípa títà rẹ̀ rí. Ọdún tí mo jáde ìwé ni mo rí i lára obìnrin kan níbi òde, mo mọ̀ ọ́n nípa ibi tí mo ti dáná sun etí rẹ̀ nígbà tí mo ń bá a lọ̀ ọ́.

"Kí lo fẹ́ kọ nípa rẹ̀?"

"Pé ẹ tà á nítorí mi."

"Kọ ọ́. Òótọ́ ni." Ó gbọn abọ́ ẹ̀wà náà. "Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ kọ ẹni tó rà á."

"N kò ní kọ ọ́, màámi."

"Aṣọ ni mo tà, n kò ta ọ̀rẹ́ mi. Òru ló wá gbé e, kí àwọn ará ilé má baà rí i. Ó san ju iye tí mo pè. Kò sì sọ ọ́ níta títí di òní. Tí o bá kọ orúkọ rẹ̀, èmi ni mo tú u fó."

Mo tún bi í nípa ọ̀rọ̀ kan tó kan bàbá mi. Ó ní rárá. N kò bi í ní ìdí, ẹ̀yin náà kò sì ní kà á níbí.

Mo ti dìde láti máa lọ kí ó tó pè mí padà.

"Àìná, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé etù Ìsẹ́yìn ni o, pé òwú rẹ̀ kò ṣá. Kí wọ́n má rò pé àkísà kan ni mo fi rán ọ níwèé."

Etù Ìsẹ́yìn ni. Òwú rẹ̀ kò ṣá.